Àyè Orúkọ Albano Lára Òkúta

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje

Albano, wọ́n gbé òkúta náà dé lónìí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yà ní kọ́nà ibi tí a ti ń fọṣọ láyé àtijọ́. Gbogbo ọkùnrin ilé kọfí jáde wá pàṣẹ fún awakọ̀. Ẹnì kan ní kó ṣe sápá ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì, awakọ̀ sì pa fèrèsé dé mọ́ wọn lójú. Akọ òkúta orí òkè wa ni, aláwọ̀ eérú. Wọ́n gbé e nàró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fọwọ́ kàn án. Oòrùn ti mú un gbóná bí ẹ̀yìn màlúù.

Gbogbo ọmọ ìlú yìí tí ìjọba kó lọ jagun ní Áfíríkà ni orúkọ wọn yóò wà níbẹ̀: àwọn tó kú sọ́hùn-ún, àwọn tó padà wá kú sílé bíi tìrẹ, àti àwọn díẹ̀ tó ṣì ń mí. Ọjọ́ ọdún Ìyá Olúwa wa ni wọn yóò ṣí i, lógúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú wa tó ń gbé Faransé bá ti wálé fún ìsinmi tí ilé sì kún. Norberto ni yóò gbẹ́ orúkọ náà. Ó ní òun á fara balẹ̀ ṣe tìrẹ.

Mo bomi rin tòmátì rẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì ń pè é ní tìrẹ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbìn ín lẹ́yìn tí o lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Èéfín lórí òkè lápá ìwọ̀ oòrùn. Mo ká aṣọ wọlé ní tútù.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Norberto já látorí igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló ṣẹ́. Àgbàlagbà bí tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ ká èyí tó wà lókè pátápátá kí ẹyẹ tó jẹ ẹ́. Mo lọ kí i. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n ti dì náà sórí ìrọ̀rí bí ọmọ tuntun, kò sì lè wò mí lójú. Kò tíì gbẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àkọlé òkè nìkan ló parí: ÀWỌN ỌMỌ WA TÓ LỌ.

Graça, alága ìlú, pe ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ òkúta nígboro. Wọ́n ní gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ sinmi jálẹ̀ oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù Kẹsàn-án, kó tún pè nínú oṣù Kẹwàá.

Mo yà sọ́dọ̀ Evaristo, tí orúkọ tirẹ̀ náà máa wà lára òkúta, kí n sọ fún un. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti burú sí i láti ìgbà tí o lọ. Páìpù afẹ́fẹ́ kì í kúrò nímú rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Nínú oṣù Kẹwàá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí ibojì mi, kí ẹ máa kà á sí mi létí."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìpàdé lẹ́yìn Mísà, nínú yàrá ìgbìmọ̀ ìlú. Gbogbo àwọn jagunjagun àtijọ́ tó kù ló wá, àti àwa opó. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti Evaristo wọlé, ìgò afẹ́fẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó mú bọ̀ láti Gínì.

Graça ní, "Ẹnì kan wà. Òkúta ló fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ ní Faransé. Ara ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ló ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni yóò dé, bó ṣe máa ń dé lọ́dọọdún."

Kò dárúkọ. Àwọn kan rọra wò mí.

Evaristo ló sọ ọ́. "Celestino. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pe èmi àtòun sí iṣẹ́ ológun. Èmi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Gínì, òun gba ẹ̀yìn òkè sá lọ sí Faransé. Òun ni yóò wá kọ ọ́ sára òkúta pé èmi lọ?"

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, Bàbá Evaristo."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ jù. Méjèèjì ló ṣì ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Graça kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kì í bá ṣe Celestino, ọdún yóò dé, aṣojú ìjọba yóò dé, ẹ̀gbẹ́ afunfèrè yóò dé, òkúta òfìfo ni a ó sì ṣí aṣọ lórí rẹ̀.

Evaristo wá na ìka sí mi. "Nínú gbogbo wa, Albano àbúrò rẹ̀ ni Celestino ṣẹ̀ jù. Àbúrò rẹ̀ ti kú. Ìyàwó ẹ̀ ló kù. Ohun tí Ermelinda bá wí la ó ṣe."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yá wọn lára láti gbé e kúrò lórí ara wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Kí ni mo fẹ́ rò? Ìwọ lo ti rò ó tán. Ní oṣù Kìíní, nígbà tó o mọ̀ pé o kò ní dìde mọ́, o dì mí lọ́wọ́ mú, o ní, "Celestino wà ní Faransé, kò wá gbé òkú ìyá wa. Kò gbọdọ̀ gbé tèmi. Kó má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ tèmi." Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó sì wakọ̀ láti Faransé wá fún ìsìnkú, tó na ọwọ́ sí pósí níwájú ilé yìí, èmi ni mo sọ fún un pé, "Rárá. Ó ní ẹ má gbé òun." Ó fà sẹ́yìn. Ó rìn lẹ́yìn gbogbo ènìyàn lọ sí itẹ́ òkú, fìlà lọ́wọ́, nínú òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àìsùn. Mo jẹ ọbẹ̀ ewé àná. Búrẹ́dì àgbàdo tún ti gbówó lórí, ọlọ́búrẹ́dì ní kí n má wo òun, kí n wo àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀n ọjọ́

Mo sọ fún Graça pé rárá. Ó ní, "Ó dáa, Màmá," ó sì ń to àwọn bébà orí tábìlì rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Mo rò pé ara yóò fúyẹ́ mi tí mo bá délé. Kò fúyẹ́.

Iná igbó ti sọdá odò. Ọkọ̀ òfuurufú ń pọn omi láti inú adágún, wọ́n ń kọjá lórí ilé wa bí ẹyẹ tó gbé ẹja sẹ́nu. Eérú bọ́ sórí tábìlì níta. Mo nù ún, ó tún bọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti ń dé. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Faransé kún ojú ọ̀nà láti àárọ̀ tí ọlọ́búrẹ́dì ti fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí di alẹ́. Àwọn ọmọdé ń pariwo ní èdè méjì. Ti Celestino kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò fọn fèrè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ó wá sẹ́nu géètì lẹ́yìn Mísà. Mi ò ṣí i. A dúró, ògiri wà láàárín wa, ó dé èmi láyà, ó dé òun níkùn.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ kú àbọ̀. Ṣé ọ̀nà dára?"

"Iná dí wa lọ́nà díẹ̀." Ó gbé àpò kọfí kan sórí ògiri. "Graça ti sọ fún mi. Mi ò wá bẹ̀ yín. Mo kàn wá kí yín ni."

"Mo ti gbọ́."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Albano ti wí ni kí ẹ ṣe."

Ó lọ. Ì bá dùn mọ́ mi kó bá mi jà. Ẹni tó bá ọ jà, o mọ ibi tí wàá fi ẹsẹ̀ rẹ sí.

Mi ò gbé kọfí náà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé e wọlé, nítorí èèrà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Evaristo ránṣẹ́ pè mí. Ó wà lórí ibùsùn, ìrọ̀rí pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín òkè kò jẹ́ kó mí. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, kó ti ilẹ̀kùn.

"Ermelinda, lọ sọ fún Celestino pé kó gbẹ́ ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀."

"Mo kọ̀. Mo ṣì kọ̀. Ìwọ ṣáà gbà."

Mo ní mi ò lóye.

"Kí ni kò yé ọ níbẹ̀? Mi ò lè jókòó nílé kọfí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kí n máa bú u, kí n wá jáde lónìí pé kó wá kọ orúkọ mi. Wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé itẹ́ òkú. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ní kó ṣe é, mo lè bínú sí ọ ní gbangba. Màá bínú gan-an."

"Ẹ ṣeun."

"Mo fẹ́ fi ìka mi tọ orúkọ mi, Ermelinda. Mo fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ènìyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu ènìyàn ń kú."

Mo bi í pé, "Ti Albano ńkọ́?"

Ó wo òrùlé. Ó pẹ́ kó tó rí èémí. "Albano ti lọ. Kò kánjú mọ́. Èmi ni mo ń kánjú."

Mo rin ọ̀nà odò bọ̀ wálé kí n má bàa pàdé ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní rárá, Evaristo yóò kú láìrí i, àti Fausto jagunjagun pẹ̀lú, bó ṣe ń gbọ̀n yẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tọwọ́ Celestino bọ inú ohun tó jẹ́ tìrẹ. Ìwọ lo so mí mọ́ èyí, Albano, o sì bọ́ sílẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ bá a nílé bàbá yín. Ó ń tún fèrèsé ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ gbẹ́ gbogbo wọn. Ti Albano nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ọwọ́ Norberto bá san, yóò wá gbẹ́ ẹ."

Ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀. "Bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà to orúkọ náà, abẹ́ Abílio ló bọ́ sí. Lókè pátápátá. Gbogbo ènìyàn ni yóò rí àyè náà."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n fi àyè tó gba odindi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?"

"Odindi."

Ó ní òun gbọ́. Kò bínú. Ó bi mí bóyá màá mu omi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń gbọ́ irin lára òkúta, tin, tin, tin, bí ẹni pé ẹyẹ kan ń sọ òtítọ́ kan náà ṣáá. Wọ́n fi aṣọ àgọ́ bo orí rẹ̀ nítorí oòrùn.

Àwọn jagunjagun wa gbé ìjókòó wọn kúrò nílé kọfí lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti máa ṣọ́ ọ, kó má bàa ba òkúta jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé àwọn ń wò ó, nítorí náà wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbàkúùgbà tí irin bá dákẹ́, orí gbogbo wọn á yí díẹ̀. Fausto sọ fún ògiri pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ A." Celestino sọ fún òkúta pé, "Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ láti ìgbà Róòmù nìyẹn." Fausto ní kí ẹnì kan sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé òun kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Graça wá. Ó ní àyè náà ń kọ òun lóminú. Aṣojú ìjọba yóò bi òun léèrè. "Màmá, ó dà bí eyín tó yọ."

Mo ní eyín tó yọ náà ló rí. Ó rẹ̀ ẹ́, ọmọ náà. Mo fún un ní píìṣì kan. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Mo ti lọ wo àyè náà fúnra mi. Celestino fi iyanrìn ra á títí ó fi dán. Kò sí ibòmíràn tó dán bẹ́ẹ̀ lára òkúta náà. Abílio wà lókè rẹ, Américo wà nísàlẹ̀, ìwọ kò sí. Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó parí. Wọ́n gbé Evaristo wá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí èrò ọ̀la tó pọ̀. Níṣojú gbogbo ènìyàn ó bú mi dáadáa, ó ní èmi ni mo kó wọn sínú ẹ̀gàn yìí. Ó ṣe é dé ibi pé ikọ́ gbé e. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ti òun súnmọ́ òkúta.

Celestino bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu irin rẹ̀. Evaristo fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ó tún padà sẹ́yìn. Eruku wà lára ìka rẹ̀. Kò nù ún.

"Ó jinlẹ̀," ó wí.

"Ó yẹ kó jinlẹ̀. Yìnyín a máa jẹ òkúta."

 Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Celestino ti sá lọ. Àádọ́ta ọdún ni.

Evaristo bi í pé, "Ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Mo ronú ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ṣẹ̀ mí tí màá fi lọ yìnbọn fún wọn nílé wọn. Mi ò rí i."

Evaristo ń wá èémí. "Àwa náà ò rí i. Wọ́n ṣáà kó wa sínú ọkọ̀."

 Mo rántí bí o ṣe máa ń jí láàárín oorun, tí wàá jókòó sétí ibùsùn, ọwọ́ lórí orúnkún, tí o kò ní dá mi lóhùn. O kò sọ ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ fún mi rí. Mo rò pé ìwọ mọ ojú àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn.

Celestino kò wo àyè rẹ. Mo ṣọ́ ọ, kò wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Wọ́n fòfin de ìbọn ọdún tí a máa ń yìn sójú ọ̀run, nítorí iná igbó, nítorí náà ọdún náà dà bí ẹni tó gba fìlà ṣùgbọ́n tí kò rí aṣọ wọ̀. Àwọn afunfèrè ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ère Ìyá Olúwa wa kọjá lórí èjìká àwọn ọmọkùnrin Faransé, wọn kò mọ ìṣísẹ̀, ó ń mì lọ tọ̀tún tòsì. Aṣojú ìjọba sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n ṣí aṣọ. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí ojú bọ́ sórí àyè rẹ.

Lẹ́yìn náà Graça bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. O mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹni tó bá wà láàyè dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹni tó bá ti kú, àwọn tí wọ́n jọ lọ dá a lóhùn pé, "Mo wà níbí." Ó pe Abílio. Àwọn àgbàlagbà wa na ara tán, wọ́n dáhùn, ohùn wọn tín-ín-rín.

Ó pe ìwọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ti ìyá.

Wọ́n dáhùn. Nígbà tí wọ́n dáhùn tán, ẹnì kan tún dáhùn lẹ́yìn gbogbo èrò, lábẹ́ igi, ó pẹ́ díẹ̀ ju tiwọn lọ. "Mo wà níbí."

Ohùn rẹ ni, Albano. Láti ọjọ́ tí Celestino ti dé ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn arúgbó aláròjinlẹ̀ kan ni mo ń gbọ́, kò jọ tìrẹ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e sókè báyìí kí ó lè dé iwájú, ohùn tí o fi ń pè mí láti oko àjàrà ni. Mo ti yíjú padà, mo ti ṣí ẹnu láti dá ọ lóhùn, kí n tó rántí.

Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò bá yín lọ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo Evaristo, ẹni tí ì bá kọ́kọ́ pariwo. Ó tẹ orí ba, ó ń ṣe bí ẹni tó ń tún páìpù imú rẹ̀ ṣe.

Graça pe Américo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò jáde. Mo ká ẹ̀wà, mo bó o. Atẹ́gùn ti yí padà. Wọ́n ní iná ti kú lápá odò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí mo dé ilé bàbá yín. Ọ̀la ló fẹ́ padà.

Mo ní, "Ẹ wá gbẹ́ ẹ."

Ó mọ ohun tí mo ń wí. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Ṣé ó gbà?"

"Ẹni tó kú kì í gbà, kì í kọ̀. Èmi ni mo ní kí ẹ wá."

"Ìyàwó wa, ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un."

"Mo jẹ́ ẹ fún un. Ẹ kò gbé pósí rẹ̀. Mo ti mú ìyẹn ṣẹ, mi ò sì ní í lọ bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo ń kọjá níwájú òkúta yẹn lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì."

Ó bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tú irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹrù, àwọn aṣọ tó ti ká dáadáa dà sílẹ̀.

Wọ́n ti ká aṣọ àgọ́ lọ, nítorí náà mo di agbòòrùn mú lé e lórí. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Fausto yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí, ó wò wá, ó padà wọlé, ó sì fa ilẹ̀kùn dé kí ẹlòmíràn má bàa jáde. Celestino gbé irin lé ibi lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó na ìka rẹ̀, ó tún dì í. Lẹ́yìn ìyẹn kò dúró mọ́. Apá ń ro mí, mi ò sọ.

Nígbà tó parí, ó bu omi sí i kí eruku lè lọ. Ó bi mí bóyá ó tọ́. Mo ní kó sún kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.

Mo ti ṣẹ̀ ọ́, Albano. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, ó mọ́ mi lára. Mo ka orúkọ rẹ sókè, gbogbo rẹ̀, látòkè délẹ̀. Celestino kò dáhùn "Mo wà níbí" lọ́tẹ̀ yìí. Èmi náà kò dáhùn. A jọ dúró níbẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ láti ara òkúta, a sì gbọ́ bí kò ṣe sẹ́ni tó dáhùn.